Ọ̀nà Ìrìn Adágún Jacqueline Kennedy Onassis

Ọ̀nà Ìrìn Adágún Jacqueline Kennedy Onassis jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó yí adágún omi àtọwọ́dá kan ká nínú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park, ní Manhattan, Ìlú New York, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 1.58 (kìlómítà 2.54). Adágún náà wà láàárín òpópónà 86 àti òpópónà 96. Ó fẹ̀ tó 106 éékà, omi tí ó sì lè gbà lé ní bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù.

Bí adágún náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí ó tó di ọdún 1842, omi kànga ni ọ̀pọ̀ ará New York ń mu, ìdọ̀tí ìlú sì ti ba púpọ̀ nínú àwọn kànga náà jẹ́. Ní ọdún 1832, àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbẹ̀. Ní ọdún 1835, iná ńlá jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé. Nítorí èyí ni ìlú náà ṣe kọ́ ọ̀nà omi Croton, tí ó parí ní ọdún 1842. Ọ̀nà omi yìí gbé omi láti odò Croton wá sí Manhattan, ó gùn tó máìlì 41, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń mú kí omi ṣàn. Nígbà tí adágún àkọ́kọ́ kò tó fún ìlú mọ́, a gbẹ́ èyí tí ó wà lónìí láàárín ọdún 1858 àti 1862, lákòókò tí a ń ṣe ọgbà náà.

Abúlé Seneca

Ilẹ̀ tí a fi ṣe ọgbà náà kò ṣófo. Láti ọdún 1825, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kì í ṣe ẹrú ti ń ra ilẹ̀ sí ibi tí a ń pè ní Abúlé Seneca, láàárín òpópónà 82 àti 89, ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ọgbà. Ní ọdún 1855, nǹkan bí ènìyàn 225 ni ó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ní ilé ìjọsìn mẹ́ta àti ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà, òfin New York kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú dìbò àfi bí ó bá ní dúkìá tí iye rẹ̀ tó 250 dọ́là. Nítorí náà, ẹni tí ó pàdánù ilẹ̀ lè pàdánù ìbò pẹ̀lú. Ní ọdún 1857, ìjọba ìlú kó gbogbo wọn kúrò. A san owó fún àwọn onílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ráhùn pé kò tó iye tí ilẹ̀ àwọn jẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwókù ilé kan níbẹ̀, wọ́n sì rí kẹ́tùlù irin àti bàtà kékeré kan. Láti ọdún 2019 ni àwọn pátákó àlàyé ti wà níbẹ̀.

Rírìn yí adágún ká

Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò ní òkè, kò sì le koko lábẹ́ ẹsẹ̀. Àgbà àti ọmọdé lè rìn ín. Ẹni tí ó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè parí rẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rìn gba apá kan náà, lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. A kò gba kẹ̀kẹ́, ajá àti kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọmọ láàyè lórí rẹ̀. Òbí tí ó bá ń ti ọmọ lè gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun náà yí adágún ká. Afárá irin mẹ́ta ni ó kọjá lórí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin yìí. Ní ìgbà ìrúwé, àwọn igi ṣẹ́rì tí ó wà létí omi máa ń tanná, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àti àwọn ẹyẹ òkun sì máa ń balẹ̀ sórí adágún.

Orúkọ àti ipò rẹ̀ lónìí

Ní ọdún 1993, adágún náà ṣíwọ́ pípèsè omi mímu fún ìlú. Ní ọdún 1994 ni a fi Jacqueline Kennedy Onassis, opó Ààrẹ John F. Kennedy, sọ ọ́ lórúkọ. Ìtòsí ọgbà náà ni ó gbé títí ó fi kú lọ́dún náà, ó sì máa ń sáré ìdárayá yí adágún náà ká. Ní ọdún 2003, a fi ọgbà irin tí ó kúrú, tí ó jọ ti àtijọ́, rọ́pò wáyà gíga tí ó ti dí ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún.