Òkè Ìdànrè: Ìlú Àná Tí Ó Di Ibi Ìgbafẹ́ Òní

Ní ọjọ́ ìsinmi, pàápàá ní àsìkò ọdún Àjíǹde àti ti Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó láti lọ gun òkè. Ìlú náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ìrìnàjò rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bá olùkọ́ wọn lọ, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ a máa lọ, tọkọtaya tuntun náà a sì máa lọ ya fọ́tò. Wọn a gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, wọn a làágùn, wọn a mu omi, wọn a wo ìlú nísàlẹ̀, wọn a sì padà sílé. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò fiyè sí ni pé ibi tí wọ́n ti lọ ṣe fàájì náà kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlú ni. Àwọn ènìyàn bímọ níbẹ̀, wọ́n jọba níbẹ̀, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí, òkúta nìkan ni yóò rí.

Ìlú orí òkè

Òkúta gíráníìtì ni àwọn òkè Ìdànrè. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ pé ó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí òkúta yìí ti dì nínú ilẹ̀. Òjò, oòrùn àti ìṣàn omi ni ó ń họ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi yọ sóde. Òkè Òròsùn, tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àárín àwọn òkúta ńlá wọ̀nyí ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí sì ni ìlú àtijọ́ náà tẹ̀dó sí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi hàn pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdànrè ti wá. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú náà, Ufẹ̀ Òkè, jẹ́rìí sí i. Nínú ẹ̀ka èdè wọn, bíi ti Òǹdó àti Èkìtì, fáwẹ̀lì "u" lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Nítorí náà, Ufẹ̀ Òkè kò ju Ifẹ̀ tí ó wà lórí òkè lọ. Ní ti orúkọ Ìdànrè, ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí àwọn aṣíwájú náà kọ́kọ́ rí àwọn òkúta wọ̀nyí, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì kígbe pé, "Ìdàn rè é!" Ìwé tí a fi gbé ibẹ̀ ka iwájú àjọ UNESCO ní ọdún 2007 sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ènìyàn fi gbé lórí òkè náà.

Kí ló gbé wọn dé orí òkúta? Ààbò ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó wà lórí òkè yóò ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, ọ̀nà tóóró tí ó gba àárín òkúta kọjá kò sì ní gbà ju ènìyàn díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe Ìdànrè nìkan ni ó lo irú ọgbọ́n yìí. Nínú ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ́ Òkúta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830, ibẹ̀ ni ó sì di Abẹ́òkúta.

Ìdí tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀

Bí òkè ti ń dáàbò bo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Isàlẹ̀ ni ilẹ̀ oko tí ó gbòòrò wà. Ẹni tí ó bá ro oko tán ní láti ru iṣu àti igi ìdáná gun òkè padà. Aláìsàn, arúgbó àti aboyún náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju ọ̀nà kan ṣoṣo náà lọ. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkúta kò sì lè fẹ̀ sí i bí ìdílé ṣe ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fi òpin sí ogun Kírìjì. Bí ogun ṣe ń rọlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí tí wọ́n fi wà lórí òkè ń dínkù, ṣùgbọ́n ìnira ibẹ̀ kò dínkù. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Ilẹ̀ igbó tí ó yí òkè náà ká dára fún un gan-an, títí di òní ni a sì ń ka Ìdànrè mọ́ àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kòkó ń fẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà ọkọ̀ kò sì lè gun òkúta. Ní ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí Òdòdè-Ìdànrè wà lónìí. Òdòdè, Àlàdé àti Àtòsìn ni ìlú mẹ́ta pàtàkì tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Ìdànrè báyìí. Ogun kọ́ ni ó lé wọn kúrò lórí òkè. Àlàáfíà ni ó pè wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí àlejò ń bá pàdé

Bí a bá wá fi ojú ìtàn gun òkè náà, ohun gbogbo yóò ní ìtumọ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó tí a fín. Ibi ìsìnkú wà níbẹ̀, àwọn ojúbọ sì wà pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gun òkè lọ bá wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ilé agogo náà wà, ó ń ránni létí ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi pe ará ìlú jọ. Àlejò a máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn lórí òkúta. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ni pé ipa ẹsẹ̀ náà máa ń ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà. Omi kan tí wọ́n so mọ́ ààrá náà wà lára ohun tí a ń lọ wò.

Òkè náà kò sì tíì di ibi àtijọ́ pátápátá. Ọdún Òròsùn, tí ó jẹ́ ti òrìṣà obìnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òkè náà, ṣì ń wáyé. Ní àkókò ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò (2009 sí 2017), ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣètò àjọ̀dún ìgun-òkè tí wọ́n pè ní Mare, èyí tí ó fa àwọn agun-òkè láti ilẹ̀ òkèèrè wá. Bákan náà ni ẹranko kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ kò rí níbòmíràn ní ayé: ọ̀pọ̀lọ́ Perret, tí ọmọ rẹ̀ máa ń dàgbà lórí òkúta tí omi ń ṣàn lé lórí. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1963, wọn kò sì wá gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún títí di ọdún 2013 tí wọ́n tún rí i. Ọ̀rá omi tí a jù sínú ìṣàn omi lè pa ibùgbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lára.

Àgbálọgbábọ̀

Òkúta Ìdànrè kò ní ibi tí yóò lọ. Ilé alámọ̀ ni ewu ń bẹ fún. Ilé tí ènìyàn ń gbé, a máa rẹ́ ẹ, a máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Èyí tí a fi sílẹ̀, òjò ni yóò bá a ṣírò. Púpọ̀ nínú ilé ìlú àtijọ́ náà ni ó ti wó. Bí ìyókù bá wó tán, ìgun-òkè yóò ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ìlú náà yóò ti parẹ́. Ọdún 1923 sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà ti lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni ó ti di arúgbó.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìdànrè kò gbọdọ̀ fi mọ sí eré ìdárayá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti kálàmù dání. Kí ó ya àwòrán ògiri tí ó kù, kí ó wọn yàrá, kí ó sì wá àgbàlagbà kan ní Òdòdè tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé agbo ilé wo ni tiwọn lórí òkè. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lè pẹ́ ju ògiri tí ó yà lọ.