Ní Virginia, Òfin Ló Dá Oko Ẹrú Sílẹ̀

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: lọ́dún 1619, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Virginia, ó já ẹrú adúláwọ̀ sílẹ̀, oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbé gbogbo rẹ̀ wá. N kò gbà. Oko ẹrú tí bàbá ń kú sí tí ọmọ ń bá níbẹ̀, àwọn olóko Virginia ló jókòó tí wọ́n ṣe é, òfin kan tẹ̀lé òmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

White Lion lorúkọ ọkọ̀ náà, Point Comfort ló sì gúnlẹ̀ sí lópin oṣù Ògọ́sítì. Àwọn bí ogún ó lé díẹ̀ tó kó wá kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ Ndongo, ní Àǹgólà òde òní, ni wọ́n ti kó wọn. Ọkọ̀ àwọn Potogí ń gbé wọn lọ sí Mẹ́síkò kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dá a lọ́nà lójú òkun. Oúnjẹ ni wọ́n fi gbà wọ́n ní Virginia. Wọ́n tà wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ìyẹn.

Àmọ́ irú ìlú wo ni wọ́n bá? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní Virginia lọ́dún 1607. Nígbà òtútù 1609 sí 1610, ebi pa wọ́n débi pé nínú nǹkan bí 300 ènìyàn, bí 60 ló kù. Tábà tí olóko kan, John Rolfe, gbìn ló gbà wọ́n là, tábà sì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Tálákà Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé láti sìn fún ọdún mélòó kan nítorí owó ọkọ̀, bí ìwọ̀fà ṣe ń sin olówó. Kò tíì sí òfin tó sọ ipò tí adúláwọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ sìn títí wọ́n fi kú, àwọn díẹ̀ bọ́. Antonio tó dé lọ́dún 1621 di Anthony Johnson, ó fẹ́ Mary, nígbà tó sì di 1651, ó ti ní 250 éékà ilẹ̀. Ó dùn mí láti sọ pé òun náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì jàre, kí adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, John Casor, lè máa sìn ín títí ayé.

Ẹ wá wo ẹjọ́ ọdún 1640. Ìránṣẹ́ mẹ́ta sá lọ sí Maryland, wọ́n mú wọn padà. Ìyà ọgbọ̀n pàṣán ni wọ́n dá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fi ọdún kún iṣẹ́ ìsìn ará Họ́láńdì àti ará Skọ́tíláǹdì tó wà nínú wọn. John Punch, ẹni kẹta tó jẹ́ adúláwọ̀, wọ́n ní kó máa sìn títí yóò fi kú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣẹ̀.

Lọ́dún 1656, Elizabeth Key, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, pẹjọ́ pé òun kì í ṣe ẹrú: ọmọ bàbá òun lòun, òun sì ti ṣe ìrìbọmi. Ó jàre. Ohun tó tẹ̀lé e ló fi èrò ọkàn wọn hàn kedere. Lọ́dún 1662, àwọn aṣòfin ní ipò ìyá ni ọmọ yóò máa jogún, nígbà tó jẹ́ pé lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, bàbá ló ni ọmọ. Olóko tó bá fún ẹrúbìnrin lóyún ti wá sọ ọmọ ara rẹ̀ di dúkìá. Lọ́dún 1667, wọ́n tún ní ìrìbọmi kò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì tí Elizabeth gbà jáde, méjèèjì ni wọ́n tì.

Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí nígbà yẹn, kó sọ fún mi ìdí tí wọ́n fi nílò òfin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Anthony Johnson kú lọ́dún 1670. Lọ́dún yẹn náà ni ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Virginia pinnu pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló tọ́ sí, nítorí pé adúláwọ̀ ni Johnson, àjèjì sì ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti dé ilẹ̀ náà.