Ẹ̀gbin, Ooru àti Iyùn Kaneohe

Iyùn tí Yorùbá mọ̀ jù ni èyí tí ń bẹ lọ́rùn ọba. Òkun Mẹditaréníà ni irú iyùn pupa bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹranko kéékèèké ni iyùn. Wọn a máa yọ egungun bí ìgbín ti ń yọ ìkarahun, egungun náà ni ó sì ń di àpáta lábẹ́ omi. Nínú ẹran ara wọn ni ewé omi tín-ín-tìn-ín ń gbé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún wọn.

Kaneohe jẹ́ ibi tí òkun ti wọ inú ilẹ̀ ní erékùṣù Oahu, ní Hawaii. Láti 1939 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń wa ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da omi ìdọ̀tí sínú rẹ̀, ti ará ìlú sì wá kún un. Ajílẹ̀ inú ẹ̀gbin yìí ni ó bọ́ ewé omi aláwọ̀ ewé kan, tí ó rí roboto bí ìfófòó ọṣẹ, títí ó fi bo iyùn mọ́lẹ̀ bí èpò ti ń bo ẹ̀gẹ́.

Ní 1977 sí 1978, ìjọba yí ẹnu páìpù náà sí ojú agbami. Nígbà tí a tún ìwọ̀n ṣe ní 1983, ibi tí iyùn bò ti ju ìlọ́po méjì ti 1970 sí 1971 lọ. (Èpò náà kò tán pátápátá o, òjò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí ó ṣú ojú ọ̀run ní 2006 ni ó bá wọn lé e lọ.)

Ǹjẹ́ ọ̀ràn ti wá parí bí? Kí wọ́n tó yí páìpù rárá, ní 1976, ni Coles àti Jokiel pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn ti fi hàn pé bí omi bá fi ìwọ̀n Celsius 1 tàbí 2 gbóná ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, iyùn kò ní lè fara dà á. Yóò lé ewé inú rẹ̀ jáde, yóò funfun, ebi yóò sì máa pa á. Ẹnu páìpù tí ooru ń gbà jáde kò sí ní Kaneohe. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé iṣẹ́ 1977 já sí asán ṣì í sọ, nítorí ibi tí omi bá dọ̀tí, èpò ni ń gba ipò iyùn tí ó kú.

Ooru dé ní 1996. Ó dé ní 2014, kí iyùn sì tó gbádùn tán, ti 2015 ti dé. Lọ́dún náà, iyùn kan a funfun, èyí tí ó fara kàn án kò ní yí àwọ̀ padà. Àwọn onímọ̀ tí Ruth Gates, tí ó kú ní 2018, jẹ́ aṣáájú fún sàmì sí wọn ní méjì-méjì. Nígbà tí ooru tún dé ní 2019, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò funfun tẹ́lẹ̀ ni kò funfun.