«J'ai chanté»: Ìtàn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan àti Máàkì Tí Mo Gé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé lẹ́tà «e» tí mo máa ń fi bírò pupa yí po. Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ òun ń kọ́ Faransé nílé ìwé, ọmọ náà sì ń bi òun pé kí ló dé tí àwọn Faransé fi ń lo "ní" láti sọ ohun tó ti kọjá. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn dáhùn.

Ẹ mú «chanter», ìyẹn kọrin. Inú agbo àwọn tó ń parí sí «-er» ló wà, agbo tó pọ̀ jù lọ nínú èdè náà. Ẹ yọ «-er» kúrò, ẹ fi «-é» rọ́pò rẹ̀: «chanté». Ẹ wá fi «avoir», tó túmọ̀ sí "ní", ṣíwájú rẹ̀: «j'ai chanté, tu as chanté, il a chanté, nous avons chanté, vous avez chanté, ils ont chanté». "Ní" ló ń yí padà bí olùwà bá yí padà. «Chanté» dúró sójú kan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti kọrin, o ti kọrin, wọ́n ti kọrin: "ti" kan náà ló ń bá gbogbo wa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá fi máa ń kọ «je chanté» láìfi «ai» sí i. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kò kàn rí iṣẹ́ tí "ní" ń ṣe níbẹ̀ ni.

Látìn ni "ní" ti wá. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, «cantavi», òun ló sì di «je chantai» lẹ́nu Faransé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń sọ irú gbólóhùn bíi «habeo epistulam scriptam»: mo ní lẹ́tà kan lọ́wọ́, a ti kọ ọ́ tán. Ohun ìní ni wọ́n ń sọ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní lẹ́tà tí a ti kọ tán lọ́wọ́, ṣé kì í sábà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ ìní ń ṣá, tó fi wá ku ìṣe tó parí. Ẹ sì kíyè sí i pé «scriptam» bá «epistulam» mu, torí lẹ́tà yẹn gan-an ló ń ṣàpèjúwe.

Fún ìgbà pípẹ́, «je chantai» àti «j'ai chanté» jọ ń gbé inú èdè náà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá là á sílẹ̀ pé bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú kó mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, «j'ai chanté» ni kéèyàn lò. Nígbà tí Corneille gbé eré Le Cid jáde ní 1637, Académie française bá a wí torí pé ẹ̀dá eré kan lo ti àkọ́kọ́ fún ìwọ̀sí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìwé gírámà Port-Royal, tí Arnauld àti Lancelot kọ ní 1660, fi òfin yìí sínú. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í dúró de ìwé. «J'ai chanté» gba ọ̀rọ̀ ẹnu pátápátá, «je chantai» sì kù sínú ìwé. Ní 1942, Camus fi ti ọ̀rọ̀ ẹnu yìí sọ ìtàn L'Étranger.

«E» yẹn wá ńkọ́? Clément Marot, akéwì ààfin Ọba François Kìíní, ló kọ ewì kan ní ọ̀rúndún 16 láti kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé bí àbọ̀ bá ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ náà bá a mu, bí àwọn ará Ítálì ti ń ṣe. Abo ni «chanson», nítorí náà «la chanson que j'ai chantée». Etí kò gbọ́ «e» náà rárá. Ní 1900, ìjọba Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n má fi í jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà mọ́ nínú ìdánwò. Académie kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó sì di 1901, wọ́n dín àṣẹ náà kù gan-an.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn 1889 pín ààlà, ọ̀dọ̀ Faransé ni Kétu bọ́ sí. Ọmọbìnrin Kétu kan wá kàwé lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà kan. Faransé ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Nínú ìdánwò àṣekágbá, ó kọ «les chansons que ma mère a chanté». Ó ṣe irú àṣìṣe yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì gé máàkì lẹ́ẹ̀mẹrin. Máàkì méjì ló fi pàdánù ipò tó ń wá. Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ṣe òfin yẹn?" Mo ní, "Òfin ni òfin."

Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n ni. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, màá ṣì kọ́ ọ ní òfin náà, torí ìdánwò á bi í. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni màá gé e.

Ọmọ Kétu, bí o bá ń ka èyí: ìbéèrè rẹ tọ́. Èmi ni mi ò ní ìdáhùn nígbà náà.