Ọkọ̀ Tó Lọ Gba Ohùn Àkókó Sílẹ̀

Amẹ́ríkà là ń lọ lónìí, ọkọ̀ la ó sì gbé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún lè ti rí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní RV. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìwẹ̀ wà. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gbé inú rẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, láti igbó dé aṣálẹ̀, torí pé wọ́n fẹ́ wo ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé fóònù sókè, áàpù kan tó ń jẹ́ Merlin á gbọ́ igbe ẹyẹ náà, á sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Yunifásítì Cornell, ní ìlú Ithaca, ìpínlẹ̀ New York, ni áàpù yẹn ti wá. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni bí Cornell ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohùn ẹyẹ jọ, torí ìrìn-àjò ọkọ̀ ló wà nínú ìtàn yẹn, ìrìn-àjò tó gùn tó sì rí ẹrẹ̀.

Oṣù Karùn-ún 1929 ló bẹ̀rẹ̀. Sinimá tó ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ Fox-Case Movietone gbé ẹ̀rọ wọn wá sí Ithaca, Ọ̀jọ̀gbọ́n Arthur Allen sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba ohùn ẹyẹ mélòó kan sílẹ̀. Kò tíì sí téèpù bí èyí tí àwọn òbí wa lò. Ara fíìmù sinimá ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ya ohùn bí ilà. Allen àti Peter Paul Kellogg, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tiwọn. Albert Brand, tó ti ṣòwò nídìí ìpín ilé-iṣẹ́ ní New York kó tó fi í sílẹ̀, kó owó àti agbára rẹ̀ tì í. Wọ́n fi abọ́ ńlá kan, tó rí bíi díìṣì orí òrùlé yín, kó ohùn tó jìnnà jọ sínú maikirofóònù. Títí di òní, èmi tó ń fi ohùn jẹun mọ àwọn tó ń lo irú abọ́ yẹn.

Kí ló wá lé ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nílé? Àkókó ni.

Ẹ mọ àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi, tí àwọn àgbà wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà ní òun á gbẹ́ odó. Èyí tí à ń sọ yìí, Amẹ́ríkà ni tiẹ̀. Ó tóbi, ó dúdú, ìyẹ́ rẹ̀ ní funfun, ògbe orí akọ pupa, ẹnu rẹ̀ sì funfun bí eyín erin. Orúkọ rẹ̀ lédè Òyìnbó, ivory-billed, ibẹ̀ ló ti wá. Ìdin kòkòrò abẹ́ èèpo igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ń jẹ jù. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ àfi nínú igbó tó ti dàgbà, nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń gé igbó ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ náà ń dín kù. Bó sì ṣe ń dín kù ni owó rẹ̀ ń gun òkè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó òkú ẹyẹ jọ. Ní 1924, Allen àti Elsa ìyàwó rẹ̀ rí tọkọtaya ẹyẹ náà ní Florida. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ tí àwọn kan fi yìnbọn pa méjèèjì.

Ní 1932, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Mason Spencer, agbẹjọ́rò ní Louisiana, sọ fún ìjọba pé ẹyẹ náà ṣì wà nínú igbó kan nítòsí ìlú Tallulah. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ, ó lọ yìnbọn pa ọ̀kan, ó gbé e wá. Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀ pé ẹyẹ kan wà láàyè nìyẹn.

Singer Tract ni igbó náà ń jẹ́. Singer wo? Singer tí ẹ mọ̀ ni, oní-maṣíìnì ìránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò yín. Ilé-iṣẹ́ náà ló ra igbó yẹn, bí éékà 80,000, torí pákó tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì maṣíìnì.

Ní 1935, Allen, Kellogg àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Tanner kó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kúrò ní Ithaca. George Sutton, ayàwòrán ẹyẹ, wà pẹ̀lú wọn ní Louisiana. Ìrìn-àjò náà tó máìlì 15,000: Florida, Louisiana, Oklahoma, títí dé Colorado. Dípò ìbọn, maikirofóònù ni wọ́n gbé dání.

Nígbà tí wọ́n dé Singer Tract ní oṣù Kẹrin, òjò ti sọ ọ̀nà di irà. J. J. Kuhn, tó ń ṣọ́ igbó náà, ló mú wọn wọlé, wọ́n sì rí ìtẹ́. Ọkọ̀ ò lè débẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n tò ó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù àgbẹ̀, ìbaaka mẹ́rin sì wọ́ ọ gba inú àbàtà. Ẹ fojú inú wò ó: sítúdíò odidi lẹ́yìn ìbaaka! Wọ́n pàgọ́ sítòsí ìtẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ tọkọtaya náà lọ́jọ́ dé ọjọ́. Ohùn wọn dà bíi fèrè páànù tí ọmọdé ń fọn. Kellogg gbà á sílẹ̀. Ìtẹ́ náà ò mú ọmọ kankan jáde.

Tanner padà wá láti 1937 sí 1939. Kì í ṣe Louisiana nìkan ló wá ẹyẹ náà dé, ó rin ìhà gúúsù já, púpọ̀ nínú rẹ̀ nínú mọ́tò Ford àtijọ́ kan. Ó ní gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù ní Amẹ́ríkà kò ju bíi 24 lọ, àti pé tọkọtaya kan nílò igbó tó fẹ̀ tó sukuéà máìlì 6. Ní oṣù Kẹta 1938, ó gun igi lọ fi òrùka sẹ́sẹ̀ ọmọ ẹyẹ kan. Ọmọ náà fò jáde, wọ́n sì gbé e lé Kuhn lọ́wọ́. Ó gun apá rẹ̀ dé orí fìlà. Tanner ya fọ́tò rẹ̀, ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ gígé gẹdú inú igbó náà ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Chicago Mill and Lumber. Ẹgbẹ́ Audubon bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ta èyí tó kù fún àwọn. Gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́rin dá sí i. Wọ́n kọ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́, gẹdú lówó lórí, kódà àwọn ará Jámánì tí wọ́n kó lójú ogun wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbohùnsílẹ̀ yẹn "gba" ẹyẹ náà là. Mi ò gbà. Gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ohun tí ẹyẹ náà nílò ni Tanner ti kọ sínú ìwé tó jáde ní 1942. Olówó ló ní ẹ̀tọ́ igbó, olówó ló sì pinnu.

Ní oṣù Kẹrin 1944, ayàwòrán kan, Don Eckelberry, rí abo kan ṣoṣo nínú ohun tó kù nínú igbó náà. Ó ń wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń yà á. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí gbogbo onímọ̀ gbà pé ènìyàn rí ẹyẹ náà ní Amẹ́ríkà.

Ní 2005, Cornell kéde pé àwọn tún ti rí i ní Arkansas. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, kò sì tíì tán. Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n ka ẹyẹ náà sí èyí tó ti run. Ní 2023, wọ́n kéde àwọn mìíràn, wọ́n yọ tiẹ̀ sílẹ̀ ná. Àwọn kan ṣì ń wa ọkọ̀ lọ sínú àbàtà lọ́dọọdún, wọ́n ń so ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mọ́ igi. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́, èyí tí Kellogg gbà lẹ́yìn ìbaaka ni wọ́n fi ń wé e.

Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún yín báyìí. Kò gùn rárá, ariwo fíìmù sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi íapíìsì sétí kí ẹ tó gbọ́ ọ.