Ọbẹ̀ Ẹsẹ̀ Màlúù Tó Fẹ́ Di Ara Ènìyàn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Bẹyẹrúnká, iná kẹrosíìnì jó ọmọ aládùúgbò wa kan láyà. Nígbà tó ti ọsibítù dé, àpá méjì la rí lára rẹ̀: ọ̀kan láyà, ọ̀kan nítan. Ìyá àgbà bi í pé, "Ṣé iná jó o nítan náà ni?" Rárá o. Awọ itan ni dókítà bó tó fi lẹ àyà. Ara ló fi san gbèsè ara.

Ìdí rẹ̀ rèé tí mo fi ń wádìí ìtàn àwọn tó fẹ́ máa fi ẹ̀rọ tẹ ẹran ara bí ẹni tẹ̀wé.

Bí ẹ bá se ẹsẹ̀ màlúù tí ẹ rà l'Ọ́jà'ba, tí omi rẹ̀ sùn, ẹ ó bá a tó ti dì. Jẹ́látíìnì ló mú un dì. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ ohun alààyè tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, rọrùn láti gbé inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru ara ń yọ́ ọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló tán ọ̀ràn yìí. Ní 1852, Talbot, ará Ìlú Ọba, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí jẹ́látíìnì tí a po kẹ́míkà mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gan tí omi kò fi lè yọ́ ọ mọ́. Irú ọgbọ́n yẹn ni àwọn tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ ń lò: ibi tí oòrùn dé á gan, ibi tí kò dé, omi á gbá a lọ.

Ṣùgbọ́n májèlé ni kẹ́míkà yẹn. Ó di 2000 kí àwọn onímọ̀ ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó kéde jẹ́látíìnì tí wọ́n tún ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gan láìlo kẹ́míkà burúkú náà. Charles Hull, ará Amẹ́ríkà, sì ti forúkọ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní 1984, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mú ike olómi gan ní ìpele-ìpele. Ọgbọ́n méjèèjì pàdé: wọ́n po sẹ́ẹ̀lì mọ́ jẹ́látíìnì, ó di yíǹkì alààyè.

Wàhálà tó kù ni ti ẹ̀jẹ̀: ẹran tó nípọn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀, kíkú ló ń kú. Díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 2019, Yunifásítì Rice ní Houston fi àwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ sínú irú omi tí ìmọ́lẹ̀ ń mú dì, kí ìmọ́lẹ̀ má baà kọjá ìpele tó yẹ. Wọ́n tẹ ohun kékeré kan tó ń mí bí ẹ̀dọ̀fóró, tí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yí ká.

Ẹ̀dọ̀fóró gidi kọ́ o. Nàìjíríà ṣe pààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní St. Nicholas, l'Ékòó, ní 2000. Títí dòní, ara ẹlòmíràn la ṣì ń ti gbà á.

Ọmọ aládùúgbò wa ti di bàbá ọmọ. Àpá itan rẹ̀ kò parẹ́. Kí ẹlòmíràn má san irú gbèsè yẹn mọ́ ni gbogbo làálàá yìí dá lé.