Láti Ẹnu Bàbá Ẹlẹ́gún dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Kí ìwé tó dé, orí ènìyàn ni ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí. Ní Kétu, Bàbá Ẹlẹ́gún ni a fi ìtàn ìlú lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jẹ oyè náà ní láti mọ ìtàn ọ̀hún lórí, kí ó sì sọ ọ́ ní gbangba nígbà tí a bá ń fi ọba tuntun jẹ. Ní ti ọjọ́ orí ọmọ, ìyá rẹ̀ yóò ní ọdún tí ogun dé ni òun bí i, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1889, tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi la ilẹ̀ Kétu sí méjì, ọ̀rọ̀ ará ìlú níwájú ìjọba di ọ̀rọ̀ ìwé, ní èdè tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́. Ògbufọ̀ ló kọ́kọ́ dúró láàárín. Akọ̀wé tí ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e. Àmì ìgbà náà ṣì wà lára ìwé àwọn àgbà wa: «né vers 1940», ìyẹn ni pé akọ̀wé wo ojú ẹni, ó sì fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Etí Faransé ni wọ́n fi gbọ́ orúkọ pẹ̀lú: Adéṣínà di Adéchina, nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, ń kọ Adeshina. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà náà. Akọ̀wé mairie mọ agbo ilé tí olúkúlùkù ti wá.

Ìyípadà kejì kò tíì pẹ́. Lẹ́yìn òfin ọdún 2017 lórí ìdánimọ̀ ènìyàn, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ RAVIP ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ bá ará ìlú àti ará abúlé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba ìtẹ̀ka. Ní tiwa, èyí ni ó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ẹni tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ẹ̀rọ ni ó wá bá a nílé.

Ní 2020 ni ojúlé service-public.bj ṣí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Estonia. ANIP náà ti ń fi ìwé ìbí ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu èyí: ẹni tí a bí ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, kò ní san owó ọkọ̀ kí ó tó rí ìwé gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ lọ nísinsìnyí, owó sì ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní 2018, nígbà tí ìjọba bu 5 F CFA lé mégábáìtì kọ̀ọ̀kan lórí Facebook àti WhatsApp, ariwo sọ, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn tí ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó pariwo. Àwọn tí kò ní, níbo ni wọn ì bá ti ké?

Ògbufọ̀ ti padà dé. Ọmọkùnrin inú cyber ni, tàbí ọmọ ilé-ìwé wa. Ìyá àgbà yóò ka nọ́ńbà NPI rẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí, yóò sanwó ìjọba, yóò tún sanwó ọmọ. Ògbufọ̀ ayé àmúnisìn, bí ó tilẹ̀ ń gba ẹ̀bùn lábẹ́lẹ̀, owó oṣù ìjọba ni ó ń jẹ, a sì mọ ẹni tí a lè fi í sùn. Àwọn Point numérique communautaire tí ABSU-CEP dá sílẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rere. Ohun tí a ń béèrè ni kí òṣìṣẹ́ kan wà ní mairie kọ̀ọ̀kan, tí ó gbọ́ èdè ìlú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti bá ènìyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò sì mọ̀ pé Adéchina àti Adeshina lè jẹ́ ọmọ bàbá kan. Kọ̀ǹpútà kò mọ agbo ilé. Ènìyàn méjì ni ó rí. Bí àṣìṣe bá sì ti wọ inú ìwé ìbí, iwájú adájọ́ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń já sí. Fún ará Kétu, Pọbẹ̀ nìyẹn, orí ọkọ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti àgbà kan tí ó mọ ìyá ọmọ.